Ta ló pa Ẹfúnṣetán? Àkọsílẹ̀ ikú kan àti eré tó yí i padà

Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1874, ẹrú méjì já wálẹ̀ láti òkè àjà sínú yàrá tí Ẹfúnṣetán Aníwúrà sùn sí nílé rẹ̀ n'Ìbàdàn, wọ́n sì fọ́ ọ lórí pa. Ẹrú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó rán wọn ni Kúmúyìílọ, tí Ẹfúnṣetán ti gbà ṣe ọmọ. Ẹni tó sì fi owó fa ojú Kúmúyìílọ mọ́ra ni Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí àṣẹ Ìbàdàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 1871. Bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá dá ẹnikẹ́ni tó ti jókòó ní kíláàsì Yorùbá níléèwé girama dúró, kí ẹ bi í pé báwo ni Ẹfúnṣetán ṣe kú. Á ní ó gbé májèlé jẹ ni. Á ní ìkà obìnrin ni, pé ó ń pa ẹrúbìnrin tó bá lóyún, pé Látòósà ló gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tí ojú tì í, ó fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀. Inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni gbogbo rẹ̀ ti wá, *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*, tó jáde ní 1970. Mo ti ń fi eré yìí kọ́ ọmọ léèwé fún ìgbà pípẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Èdè rẹ̀ dùn, òwe inú rẹ̀ kún fọ́fọ́, ìjà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ sùn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé eré náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra gan-an kò sí níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá a.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Ògúnrìn ni bàbá rẹ̀, ará Ìkijà nílẹ̀ Ẹ̀gbá. N'Ìbàdàn ni òwò ti gbè é. Ọjà rẹ̀ ń lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó ń lọ sí Àgbádárìgì, ó ń lọ sí Ìkòròdú: tábà, aṣọ kíjìpá, àti ẹrú pẹ̀lú, torí a ò lè tìtorí pé a fẹ́ràn rẹ̀ ká yọ ẹrú kúrò. Johnson ní ẹrú tó wà lóko rẹ̀ nìkan tó 2,000, láìka àwọn tó wà nílé. Ó ní ó ní balógun àti ọmọ ogun tirẹ̀. Ìbọn, ọta àti ẹ̀tù tí àwọn olórí ogun ń kó lọ sójú ìjà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ láwìn, tí ogun bá bọ̀ kí wọ́n wá san án. Ní 1867 ló joyè Ìyálóde, òun sì ni ẹnìkejì tó jẹ ẹ́ n'Ìbàdàn. Àwọn tó ń kì í ò fi èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí pamọ́. Nínú oríkì rẹ̀, wọ́n ní ohun ìní rẹ̀ ju ti Ààrẹ lọ, wọ́n ní ó ní ẹ̀tù, ó tún ní ìbọn, wọ́n ní ó ń da jìnnìjìnnì bo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kì báyìí ní ojúlé, tí Ààrẹ ń gbọ́, ṣé ẹ̀yin náà rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ?

Ó wá ku ìkà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbèjà Ẹfúnṣetán lóde òní máa ń sọ pé irọ́ ni Ìṣọ̀lá pa mọ́ ọn, pé àròsọ ọkùnrin tí kò fẹ́ kí obìnrin dépò ni. N kò lè bá wọn dé ibẹ̀. Ní 1860, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀, Johnson sì sọ pé láti ìgbà náà ni ìwà rẹ̀ ti yí padà sí àwọn ẹrúbìnrin tó bá lóyún: ó ń fi ipá ṣẹ́ oyún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kú sí i. Johnson kò gbọ́ èyí láti ọ̀nà jíjìn. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti mú un wá sí Ìbàdàn, iṣẹ́ tíṣà ìjọ ló sì ń ṣe nínú ìlú náà lọ́dún tí Ẹfúnṣetán kú. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà ló gbọ́, ó lè ní ẹni tó fẹ́ gbè lẹ́yìn, ṣùgbọ́n inú ìlú ló wà. Nítorí náà, ìkà yẹn ti wà nínú ìtàn kí wọ́n tó bí Ìṣọ̀lá. Ohun tí Ìṣọ̀lá ṣe ni pé ó gbé e kúrò nínú àgbàlá, ó gbé e sí gbangba. Nínú eré, Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, Ẹfúnṣetán sì pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Gbogbo èrò ló rí idà. Eré orí ìtàgé nílò ohun tí ojú lè rí. N kò bá a jà lórí ìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká dúró dáadáa níbi ẹ̀sùn, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ yìí wà.

Látòósà ti ogun Adó dé ní 1874. Ó fi ẹ̀sùn mẹ́ta kan Ìyálóde. Èkíní, pé kò bá òun lọ sógun. Ìkejì, pé ní gbogbo ìgbà tí òun fi wà lójú ogun, kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí òun. Ìkẹta, pé nígbà tí òun ń bọ̀, kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi kí ó kí òun kú àbọ̀. Ẹ̀sùn náà parí síbẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wá ọ̀rọ̀ ẹrú níbẹ̀, ẹ wá oyún, ẹ wá ọ̀rọ̀ obìnrin kankan tí wọ́n pa. Ẹ ò ní rí i. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gba oyè lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán ni pé kò san ìbọ̀wọ̀ fún Ààrẹ, kò sì fi ẹrù ogun ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀sùn kejì yẹn gan-an ni mo máa ń fi ìka tọ́ ka. Àwìn ni ìdí rẹ̀. Olówó tó ń fúnni ní ẹ̀tù láwìn, tó wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ohun tó ṣe fún olórí ogun ju àìkíni kú àbọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ìyáọlá, tó jẹ́ Ọ̀tún rẹ̀, ni wọ́n fi jẹ Ìyálóde. Ẹfúnṣetán fi owó àti ẹ̀bùn ṣìpẹ̀, àwọn ìjòyè gba ohun tó fi ṣìpẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì yí padà. Ẹ̀mí rẹ̀ ni Ààrẹ ń wá. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ti òkè àjà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ariwo ta, tí àwọn ìjòyè pé jọ láti gbọ́ ẹjọ́, àwọn ẹrú méjèèjì ni wọ́n pa ní gbangba nínú oṣù keje. Látòósà, tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà gan-an, jókòó sí ipò rẹ̀.

Ìyẹn ni ìtàn. Wàyí o, kí ni eré fi rọ́pò rẹ̀? Látòósà orí ìtàgé ni ẹni tí ìkà Ẹfúnṣetán sú, tó ń gbọ́ igbe ará ìlú, tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, tó dojú kọ ọ́ lọ́sàn-án gangan, tó sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Kúmúyìílọ kò sí ńbẹ̀. Owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò sí ńbẹ̀. Gbèsè kò sí ńbẹ̀. Ikú tí Ààrẹ fi ọgbọ́n àrékérekè ṣe lóru ti di ìdájọ́ òdodo.

N kò rò pé Ìṣọ̀lá mọ̀ọ́mọ̀ jókòó láti fọ Látòósà mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣì ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ohun tó sì ń wá ni ohun tí gbogbo ẹni tó ń kọ eré ń wá: alágbára méjì kí wọ́n fojú kojú. Bí Ẹfúnṣetán bá kú lójú oorun, níbo ni ìjà wà? Ta ni èrò máa hó fún? Mo gbà pé ẹni tó ń kọ eré lè pa ọdún pọ̀, ó lè fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹni tí kò sọ ọ́, ó lè dá ẹrú kan sílẹ̀ kó sọ ọ́ ní Adétutù, kó fi ojú rẹ̀ hàn wá ká lè sunkún fún ẹgbàágbèje tí kò lórúkọ. Gbogbo ìyẹn kò mú ẹnikẹ́ni jẹ̀bi ohun tí kò ṣe. Ṣùgbọ́n kéèyàn yí ẹni tó pa ènìyàn padà jìnnà sí kéèyàn yí ọjọ́ tàbí orúkọ padà. Látòósà jẹ́ ẹni gidi, ó ní ọmọ, ó ní ẹbí. Ẹfúnṣetán náà jẹ́ ẹni gidi.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé, ká fi ti òdodo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé gan-an dára fún ìtàgé ju èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wò ó. Yàrá kan, àtùpà epo kan. Àjà ilé alámọ̀ ló wà lókè, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ẹrú méjì sì ti gun ibẹ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Èrò ń wo wọn. Ẹfúnṣetán wọlé, kò mọ̀. Ó jókòó sẹ́bàá ẹní, ó ń ṣírò ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ó ń dárúkọ àwọn ìjòyè lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ẹ̀tù tí wọ́n gbà. Nígbà tó bá dárúkọ Ààrẹ, gbogbo ilé ìṣeré á ti mọ ohun tó wà lókè àjà àti ẹni tó sanwó rẹ̀. Kúmúyìílọ á wọlé wá kí i pé ó dàárọ̀, á kúnlẹ̀, á pè é ní ìyá. Àwọn ẹrú tó wà lókè yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ti rí bí ẹrúbìnrin kan ṣe kú lóyún nínú àgbàlá yẹn. Inú lè máa bí i lóòótọ́, Ààrẹ sì ń lo ìbínú yẹn fún gbèsè tirẹ̀. Ẹni tó bá wo irú eré bẹ́ẹ̀ máa sunkún fún ẹrú, á bẹ̀rù Ẹfúnṣetán, á káàánú rẹ̀, kò sì ní lè pàtẹ́wọ́ fún Látòósà. Àbùkù Ẹfúnṣetán kò ní yọ kúrò, kò sì ní jẹ́ òun nìkan ló ní àbùkù.

Èèyàn lè sọ pé eré lásán ni, pé ta ló máa gba eré gbọ́ bí ìtàn? Gbogbo wa ni. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e káàkiri, wọ́n ṣe é ní pápá ìṣeré Liberty n'Ìbàdàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò, Bánkọ́lé Bello sì sọ ọ́ di fíìmù. Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá tó ṣe Ẹfúnṣetán ṣe é débi pé orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn títí di òní. Bí ó bá kọjá, Ẹfúnṣetán ni wọ́n ń kí i. Lójú pópó, bí ọ̀gá obìnrin kan bá le mọ́ ọmọṣẹ́, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní Ẹfúnṣetán lẹ́yìn. Ìwé Johnson, tí ó parí ní 1897 tí kò sì jáde títí di 1921, ìwé ńlá ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mélòó nínú àwọn tó wo eré ló máa ṣí i? Èdè Yorùbá ni eré ń sọ, ìyẹn sì ni ìdí tí agbára rẹ̀ fi pọ̀.

Ọmọ kíláàsì mi kan ló kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ tú ọ̀rọ̀ yìí síta, láìka ìwé Johnson kankan. A ti ka ìran tí Látòósà ti ń bínú nítorí àwọn ẹrú. Ó nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn ẹrú Látòósà fúnra rẹ̀ ńkọ́, ta ló ń jà fún wọn?" Kíláàsì dákẹ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó tọ̀nà. Ìbàdàn ìgbà yẹn, ìlú ogun ni. Ẹrú ni ogun ń kó wálé, kò sì sí olórí ogun tó lórúkọ tí kò ní ẹrú lóko àti nílé. Látòósà ní ẹrú lọ pẹrẹgẹdẹ. Àmọ́ eré kò jẹ́ ká rí ọ̀kan nínú wọn, ohun tó sì jẹ́ kí ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà dúró bí olùgbàlà nìyẹn.

Ní 1992, Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn, kó ìwé kan jọ lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà nínú ìtàn, ó sì kọ orí kan lórí Ẹfúnṣetán síbẹ̀. Ó gbé òwò rẹ̀ jáde, ó gbé ìṣèlú rẹ̀ jáde, ó jẹ́ ká rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Látòósà lórí ọ̀rọ̀ ogun tí kì í tán. Látìgbà náà ni àwọn tó ń kọ eré àti àwọn tó ń kọ ìwé ti ń tún un wò. Ère rẹ̀ wà ní oríta Challenge n'Ìbàdàn báyìí. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀ pé àwọn kan ti fẹ́ sáré lọ sí apá kejì, kí wọ́n sọ ọ́ di ìyá rere tó kàn ń ṣòwò tirẹ̀ tí ọkùnrin fi ìlara pa. Àwọn ẹrúbìnrin tó kú lóyún lábẹ́ rẹ̀ kò ní ère níbì kankan. Eré tó bá yọ wọ́n kúrò nítorí kó lè yin Ẹfúnṣetán ti ṣe ohun tí èyí àkọ́kọ́ ṣe gan-an.

Ní 1877, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ikú rẹ̀, Látòósà rán èrò lọ sí Àjàṣẹ́ láti ra ẹ̀tù, àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà, Ìbàdàn sì gbé ogun dìde sí Ẹ̀gbá. Láti ibẹ̀ ni wàhálà ti di ogun tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà ní Kírìjì, tí kò parí títí di 1893. Látòósà kú sí ibùdó ogun náà ní 1885. N kò sọ pé bí Ẹfúnṣetán bá wà láàyè ogun kò ní ṣẹlẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ọmọ Ẹ̀gbá tó mọ ọ̀nà Àjàṣẹ́ bí ẹni mọ àgbàlá rẹ̀, tó ń kó ẹ̀tù wọ Ìbàdàn kí ogun tó dé, ni wọ́n pa. Nínú gbogbo eré tí mo ti rí lórí obìnrin yìí, n kò tíì rí èyí tó mú wa dé ọdún 1877.

Àkókò yìí ni ọ̀rọ̀ náà tún gbóná, torí fíìmù orí àwọn ẹni àtijọ́ ti ń jáde lọ́tùn-ún lósì, ti Baṣọ̀run Gáà, ti Lísàbí, ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ohun tí èrò ń bá wọn jà lé lórí jù ni aṣọ: pé ìlẹ̀kẹ̀ yìí kò tíì dé ilẹ̀ wa nígbà náà, pé gàárì ẹṣin yẹn kì í ṣe ti Ọ̀yọ́. Ó dára kí wọ́n wò ó. Ṣùgbọ́n èmi á kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n ní ó jẹ̀bi, àti bóyá ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án nínú fíìmù ni èyí tí wọ́n fi kàn án láyé. Ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tọ́, ẹnìkan á rẹ́rìn-ín, á gbàgbé. Ẹ̀bi tí wọ́n gbé sí orí ẹni tí kò ni ín máa ń pẹ́ nílẹ̀.

Níléèwé wa, a ṣì ń ṣe eré Ìṣọ̀lá bó ṣe wà nínú ìwé. N kò yọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí mo fi kún un ni pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan á kọ́kọ́ jáde, á ka ẹ̀sùn mẹ́ta tí Ààrẹ fi kan Ìyálóde ní 1874, á ka ọjọ́ tí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, á ka ọjọ́ tó kú àti bó ṣe kú, á sì wọlé. Lẹ́yìn náà ni Adétutù á jáde. Òbí kan bi mí lọ́jọ́ kan pé tí ìtàn bá rí báyìí, kí ló dé tí a ò kúkú tún òpin eré náà ṣe. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, eré Ìṣọ̀lá ni, ẹni tó bá fẹ́ ti Kúmúyìílọ, kó kọ tirẹ̀."